Ta Ni Yóò Bá Wa Rí Ohun Tó Sọnù?

  Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ohun tó sọnù ni, àti ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ti ń gbà wá a, láti ayé akéde tó ń lu agogo títí di ayé ẹ̀rọ kékeré tó ń lo Bluetooth. Ìbéèrè tí a ó sì wá ìdáhùn sí ni pé: bí ohun wa bá sọnù ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ọ̀kà, ǹjẹ́ a lè gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ yìí?

Ní ọdún 2003, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, mo wọ mọ́tò ní gáréèjì Ìkàrẹ́, mo ń lọ sí Ọ̀kà. Àpò dúdú kan wà lọ́wọ́ mi, ìwé-ẹ̀rí mi sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ń lọ, mo sọ̀ kalẹ̀, mo sanwó, mo sì bá ọ̀nà mi lọ. Mo ti rìn jìnnà díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ọwọ́ mi ṣófo. Mọ́tò sì ti lọ. Ẹni tí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ bá ti sọnù rí ni yóò mọ bí ó ti rí lára mi. Àgọ́ ọlọ́pàá ni, kóòtù tí a ti ń búra ni, ìwé tí a ń kọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí a ń wá kò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Mo padà sí gáréèjì, mo ké sí àwọn awakọ̀. Àwọn awakọ̀ sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Àwọn ìyá tó ń ta ọsàn lẹ́bàá ọ̀nà gbọ́, wọ́n sì ń sọ fún àwọn tó ń ra ọsàn lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá àgbà kan rán ọmọ-ọmọ rẹ̀ sí mi ní Ọ̀kà pé àpò náà wà lọ́dọ̀ òun. Inú mọ́tò kan náà ni a jọ wà. Lẹ́yìn tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ ni ó rí àpò náà lábẹ́ ìjókòó, tí ó sì gbé e lọ sílé kí ó má baà bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́wọ́ kọ́gbọ́n. Ìyá náà kò mọ̀wé, kò sì ní fóònù. Ohun tó gbọ́ ni pé ẹnì kan ń wá àpò dúdú.

Láìpẹ́ yìí, mo ń sọ ìtàn yìí ní kíláàsì, ni akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bá dìde pé, "Sà, bí ẹ bá ti ní táàgì Bluetooth nígbà náà, ẹ kì bá tí wá àpò yín fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni." Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ǹjẹ́ òótọ́ ni ọmọ náà sọ? Kí a tó lè dáhùn, a ní láti padà sẹ́yìn.

Kí rédíò tó dé, akéde ni rédíò ìlú. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ènìyàn bá ti oko dé, akéde á gbé agogo rẹ̀, á lù ú ní oríta, etí gbogbo ènìyàn á sì ṣí. Bí ọba bá ní iṣẹ́ tó fẹ́ rán sí ìlú, akéde ni yóò jẹ́ ẹ. Bí ọmọ bá ṣìnà, tàbí tí ẹran ọ̀sìn bá sọnù, òun náà ni yóò fi tó ará ìlú létí.

Iṣẹ́ akéde máa ń yọrí sí rere ní ilẹ̀ Àkókó, ó sì ní ìdí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun àwọn Tápà da Àkókó láàmú gidigidi, ọ̀pọ̀ ìlú sì gba orí òkè lọ fún ààbò. Ẹni tó bá ti dé Ọ̀kà rí ti rí bí àpáta ti yí ìlú náà ká, àti bí ilé ti sún mọ́ ilé ní ìsàlẹ̀ àti ní òkè. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ojú mọ ojú, ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn ń tọ̀ kò sì pọ̀. Ohun tó bá bọ́ sílẹ̀ ní ojú ọ̀nà, ẹni tó mọ olóhun ni yóò kọ́kọ́ bá a pàdé.

Àwọn baba wa pàápàá kò ṣàìní táàgì tiwọn. Ẹ wo adìyẹ tí a so àkísà pupa mọ́ ní ìyẹ́, tàbí ewúrẹ́ tí a gé etí rẹ̀ lọ́nà kan kí a má baà ṣì í mọ̀. Àmì ni. Bí adìyẹ náà bá rìn dé agbolé mìíràn, àmì yìí ni yóò jẹ́rìí pé ó ní olúwa. Ẹ tún wo ààlè. Obìnrin a ṣẹ́gi, a kó o jọ sí etí ọ̀nà, a fi ààlè lé e, a sì máa lọ sílé láti wá ẹni tí yóò bá a rù ú. Kò fi ẹ̀ṣọ́ kankan tì í. Gbogbo ẹni tó bá kọjá ni ẹ̀ṣọ́ rẹ̀.

Bí a bá wo gbogbo èyí dáadáa, a ó rí i pé ohun mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ pé kí ohun tó sọnù tó lè padà sọ́wọ́ olóhun. Èkíní ni ojú tó rí i. Èkejì ni ẹnu tó sọ ọ́. Ẹ̀kẹta ni ọwọ́ tó dá a padà. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun náà ti lọ nìyẹn. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ mẹ́ta yìí sílẹ̀, nítorí àwọn ni a ó fi díwọ̀n ẹ̀rọ tuntun náà.

Rédíò dé ní tirẹ̀, ó sọ ẹnu di ńlá. Ní oṣù kejìlá ọdún 1935 ni ìjọba ṣí rédíò alokùn ní Èkó. Àwọn ènìyàn wa sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí ó ń sọ̀rọ̀ ṣáá, kò sì sí ẹni tó lè dá a lóhùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-iṣẹ́ BBC ti bẹ̀rẹ̀ láti àwọn ọdún 1920 sí 1929 sí i fi rédíò wá ẹbí àwọn tí àìsàn líle ń ṣe, tí a kò mọ ibi tí wọ́n wà. Nílẹ̀ wa náà, ìfilọ̀ ọmọ tó sọnù, ti àgbà tó jáde nílé tí kò padà, àti ti ìwé-ẹ̀rí tó bọ́ nínú ọkọ̀, di ohun tí a ń gbọ́ lórí rédíò ní ojoojúmọ́. Asọ̀rọ̀mágbèsì wá ń gba èsì.

Ṣùgbọ́n rédíò kò ní ojú. Ẹgbàágbèje ènìyàn lè gbọ́ ìfilọ̀ nínú ilé wọn, kí ohun tí a ń wá sì wà lẹ́bàá ọ̀nà níbi tí kò sí ẹnì kan nínú wọn. Ẹnu pọ̀, ojú kò tó.

Ibi tí ojú ti kù yìí ni Bluetooth gbà wọlé. Orúkọ ọba kan ni orúkọ náà. Ọba ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì ni, Harald ni orúkọ rẹ̀, ó sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí ó ti wàjà. Wọ́n ń fi eyín aláwọ̀ búlúù pè é. Ohun tí ìtàn fi ń rántí rẹ̀ ni pé ó so àwọn ènìyàn ilẹ̀ rẹ̀ pọ̀ sábẹ́ ìjọba kan. Ní ọdún 1994, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ Ericsson ní ìlú Lund ní Súwídìn bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí ẹ̀rọ méjì tó wà nítòsí ara wọn yóò ṣe máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí wáyà. Ọmọ ilẹ̀ Họ́láńdì kan, Jaap Haartsen, wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1998, Ericsson, Nokia, Intel, IBM àti Toshiba pawọ́ pọ̀, wọ́n sì fi orúkọ ọba náà pe iṣẹ́ wọn, nítorí pé wọ́n fẹ́ kí ó so ẹ̀rọ pọ̀ bí ọba ti so ènìyàn pọ̀. Àmì tí ẹ ń rí lórí fóònù yín, lẹ́tà méjì tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọba náà ni, ní ìlànà ìkọ̀wé àtijọ́ ilẹ̀ wọn.

Ohùn Bluetooth kò lọ jìnnà. Bí ilé bá pọ̀ tí ògiri sì nípọn, kò ju ìwọ̀n mítà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ní ọdún 2010, wọ́n ṣe irú rẹ̀ kan tí kì í jẹ bàtìrì púpọ̀. Nípa èyí ni ẹ̀rọ tí kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù ńlá lọ fi lè máa fi bàtìrì pẹlẹbẹ kan ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọdún kan.

Níhìn-ín ni kí ẹ fetí sílẹ̀ gidigidi, nítorí ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Táàgì kò mọ ibi tí ó wà. Kì í ṣe bí ẹ̀rọ tí a ń fi sí inú mọ́tò, tó ń gba ìmọ̀ láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, tí ó sì ní síìmù tirẹ̀. Kìkì ohun tí táàgì ń ṣe ni pé ó ń pariwo sókè ní gbogbo ìgbà pé, "Èmi rèé, nọ́ḿbà mi rèé." Bí ẹnì kan bá gbé fóònù kọjá nítòsí, fóònù náà á gbọ́ ariwo yìí, á wo ibi tí òun fúnra rẹ̀ wà, á sì fi íntánẹ́ẹ̀tì rán iṣẹ́ náà lọ ní títì pa, tó jẹ́ pé olóhun nìkan ni ó ní kọ́kọ́rọ́ láti ṣí i. Ẹni tó gbé fóònù kò ní mọ̀ pé òun ti ṣe ojú àti ẹnu fún ẹlòmíràn.

Ilé-iṣẹ́ Tile, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2012, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀rọ yìí, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà rẹ̀ nìkan ni ó lè bá ara wọn wá nǹkan nígbà náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, Apple gbé AirTag jáde, ó sì sọ pé àwọn ẹ̀rọ òun tí yóò máa bá a gbọ́ ariwo náà ti ń lọ sí bílíọ̀nù kan káàkiri ayé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Google bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ fún àwọn fóònù Android, láti Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ní ọdún 2025 ni ó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Find Hub.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú ẹ̀rọ náà wá sílé. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo àpò méjì, táàgì sì wà nínú àwọn méjèèjì. Ọ̀kan bọ́ sílẹ̀ ní ọjà Ìkàrẹ́ ní ọjọ́ ọjà. Èkejì bọ́ sílẹ̀ ní ọ̀nà oko lẹ́yìn àpáta ní Ọ̀kà.

Ní ọjà Ìkàrẹ́, èrò kún bí omi. Ẹ ó ní ó ti tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a béèrè irú fóònù tí èrò náà gbé. AirTag kò gbọ́ èdè mìíràn ju ti ẹ̀rọ Apple lọ, bẹ́ẹ̀ ni Tecno, Infinix, itel àti àwọn Android mìíràn ni ó pọ̀ jù ní ọwọ́ àwọn ọlọ́jà wa. Nítorí náà, AirTag lè wà láàárín ọgọ́rùn-ún ènìyàn, kí ó máa pariwo bí àjèjì tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ èdè rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ táàgì ti Google, ó sàn díẹ̀. Síbẹ̀, fóònù náà gbọ́dọ̀ jẹ́ Android 9 tàbí èyí tó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ, Bluetooth rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní títàn, kí ó sì rí íntánẹ́ẹ̀tì. Ta ni kò mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń pa dátà wa kí owó má baà tán? Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì tí àwọn àgbà ń lò kò sì lè gbọ́ ohunkóhun.

Ní ọ̀nà oko Ọ̀kà, ọ̀rọ̀ tún yàtọ̀. Bí àgbẹ̀ kan bá kọjá pẹ̀lú fóònù tó dára, ẹ ó rò pé ó tó. Kò tó. Google ti ṣe é láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ pé, bí ẹni tó ni fóònù kò bá yí i padà, ìròyìn fóònù rẹ̀ kò ní dé ọ̀dọ̀ olóhun àyàfi bí fóònù mìíràn bá gbọ́ táàgì náà pẹ̀lú. Nítorí ààbò ni wọ́n ṣe ṣe bẹ́ẹ̀, kí a má baà fi táàgì mọ ilé ẹni tó ń dá gbé. Òfin náà dára. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé ẹlẹ́rìí kan kò tó ní ibi tí ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ń kọjá ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo àpò kẹta, èyí tó wà nínú mọ́tò bíi tèmi. Láàárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ni Àkùngbá wà, níbi tí Yunifásítì Adékúnlé Ajásin wà. Fóònù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ níbẹ̀ bí èèrùn. Bí mọ́tò bá gba ibẹ̀ kọjá, ó ṣeé ṣe kí fóònù kan gbọ́ táàgì, kí olóhun sì rí i pé, "Àpò rẹ wà ní Àkùngbá." Mọ́tò á gun òkè lọ sí Ọ̀kà, kò ní sí ẹni tó tún gbọ́ ọ, olóhun á sì sáré lọ sí Àkùngbá, á máa wá ohun tí kò sí níbẹ̀. Ẹ rántí èyí: ibi tí èrò ti gbọ́ ọ kẹ́yìn ni táàgì ń fi hàn wá. Ó lè má jẹ́ ibi tí ohun náà wà. Nítorí náà, bí a bá rí ibi tí ó fi hàn, kí a wo aago tí ó kọ sí i kí a tó gbéra.

A kò gbọdọ̀ ṣe ojúsàájú. Níbi tí èrò pọ̀, tí fóònù wọn sì gbọ́ èdè táàgì, iṣẹ́ rẹ̀ dára púpọ̀. Ẹ wo pápákọ̀ òfurufú ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ wa tó ń bọ̀ wá sílé tí ó fi AirTag sínú àpótí rẹ̀ lè mọ̀ bóyá àpótí náà bá a wọkọ̀ tàbí ó kù sẹ́yìn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Lufthansa kọ́kọ́ sọ pé kí a pa táàgì inú ẹrù, kò sì pẹ́ tó fi yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ní ìparí ọdún 2024, Apple ṣe é kí olóhun lè fi ibi tí àpótí rẹ̀ wà han ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú. Ẹ̀rọ kan náà tó gbọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù lè yadi lẹ́yìn àpáta Ọ̀kà. Ẹ̀rọ kò yí padà, èrò tó ń kọjá ni kò dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó wúwo ju àpò lọ. Àwọn aláìdára ti fi táàgì pamọ́ sínú àpò obìnrin láti máa tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Nítorí èyí, Apple àti Google fìmọ̀ ṣọ̀kan, láti oṣù karùn-ún ọdún 2024 ni fóònù àwọn méjèèjì sì ti ń kìlọ̀ fún ẹni tí táàgì àjèjì bá ń tẹ̀ lé. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, bí fóònù yín bá kìlọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má fojú fò ó. Ẹ sọ fún àgbà tí ẹ fọkàn tán.

Bákan náà, bí olè bá gbé ohun wa, tí táàgì sì fi ilé kan hàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kó èrò lọ síbẹ̀. Ibi tí fóònù tó kọjá wà ni ẹ̀rọ ń sọ, ó sì lè fi ilé kan tàbí méjì ṣì í. Ní ìlú tí ògiri ilé fara ti ara, ilé aláìṣẹ̀ ni ó lè jẹ́. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí igbe "olè" kan ṣoṣo lè fà ní ọjà wa. A lè ra àpò mìíràn, ṣùgbọ́n a kò lè ra ẹ̀mí ènìyàn. Ọlọ́pàá ni kí ẹ bá lọ.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ohun mẹ́ta tí ẹ kọ sílẹ̀. Rédíò sọ ẹnu di ńlá. Bluetooth fún wa ní ojú púpọ̀, ó sì so ẹnu mọ́ ojú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ńkọ́? Kò tíì sí ẹ̀rọ tí a fi ń dá ohun padà. Òfin ilẹ̀ wa pàápàá sọ pé ẹni tó rí nǹkan he, tí ó mọ olóhun tàbí tí ó mọ̀ pé òun lè rí olóhun bí òun bá wá a, tí ó sì sọ ọ́ di tirẹ̀, ó lè jẹ̀bi olè. Àwọn àgbà sì ti béèrè tipẹ́ pé: ẹni tó rí nǹkan he tó fẹ́ kú, kí ni kí ẹni tó sọ ọ́ nù ṣe?

Èyí ni mo fi dá akẹ́kọ̀ọ́ mi lóhùn. Mo ní, "Ọmọ mi, bí táàgì bá wà nínú àpò mi, bóyá Àkùngbá ni ìbá fi hàn mí, èmi ìbá sì ti fi ọjọ́ kan ṣòfò níbẹ̀. Yàrá ìyá àgbà kan tí kò ní fóònù ni àpò náà wà. Ìyá náà ni ojú tó rí i, ọwọ́ rẹ̀ ni ó sì dá a padà. Ẹnu àwọn awakọ̀ àti àwọn ọlọ́sàn ni ó so wá pọ̀."

Ẹni tó bá ní owó táàgì, kí ó rà á, kò burú. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ mọ irú fóònù tí àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ń lò, kí ó máa pààrọ̀ bàtìrì rẹ̀ lásìkò, kí ó sì kọ orúkọ àti nọ́ḿbà fóònù rẹ̀ sínú àpò, nítorí ìwé pélébé yìí ni yóò bá ẹni tó rí i sọ̀rọ̀ níbi tí ẹ̀rọ kò ti lè sọ̀rọ̀. Bí ohun náà bá sì sọnù, kí ó má jókòó ti fóònù nìkan. Kí ó lọ sí gáréèjì, kí ó sọ fún àwọn ọlọ́jà, kí ó fi ìfilọ̀ ránṣẹ́ sí rédíò.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bí ẹ bá rí nǹkan he ní ọ̀la, ẹ rántí pé ẹnì kan wà níbìkan tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ẹnì kan kì í jẹ́ àwá dé. Ẹ dákun, ẹ máa jẹ́ ọwọ́ tó ń dá a padà.